Àṣẹ Kan fún Ẹgbẹ̀rún Ojú Ìwé: Bí A Ṣe Ń Sọ Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Lórúkọ, àti Ibi Tí Ó Yẹ Kí Iṣẹ́ Náà Dúró

1. Ìfáàrà

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni bí ènìyàn ṣe lè fi orúkọ kan ṣoṣo pe iṣẹ́ tí ì bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, kí kọ̀ǹpútà sì ṣe é láìsinmi. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú wa kì í ṣe iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ìwé Yorùbá ni.

Láti ìgbà tí Samuel Ajayi Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843, àkọtọ́ èdè wa ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. ṣe ìpàdé lé e lórí ní Èkó ní ọdún 1875. Ìwé tí Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ lórí àkọtọ́ Yorùbá jáde ní 1965. Ní ọdún 1974 ni ìjọba fi ọwọ́ sí àkọtọ́ tí a fi ń kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ títí di òní. Ohun tí a ti kọ kí ó tó di 1974 sì pọ̀ jọjọ. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 wà níbẹ̀. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ó jáde ní 1938, wà níbẹ̀. Àìmọye ìwé ìtàn ìlú, ìwàásù àti lẹ́tà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, "aiye" ni a máa ń kọ dípò "ayé", "enia" dípò "ènìyàn", "yio" dípò "yóò", "nwọn" dípò "wọ́n", "onjẹ" dípò "oúnjẹ". Àmì ohùn sì ṣọ̀wọ́n lórí wọn.

Ẹni tí ó bá ń gbé Àpáta níhìn-ín mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Àdúgbò ilé-ẹ̀kọ́ ni Àpáta. Government College, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1929, wà ní Àpáta Gáńgà, Moor Plantation kò sì jìnnà síbẹ̀. Ìwé àtijọ́ wà nínú àpótí ní ilé olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ ìwé sì wà ní ẹ̀gbẹ́ títì tí ó lọ sí Abẹ́òkúta. Bí a bá gbé ọ̀ọ́dúnrún ojú ìwé fún atẹ̀wé kan pé kí ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí ó sì yí "aiye" padà sí "ayé" níbi gbogbo, yóò ṣe é dáadáa ní ojú ìwé kìn-ín-ní. Ní ojú ìwé ogójì, ojú rẹ̀ yóò ti rẹ̀. Ní igba, òun fúnra rẹ̀ kò ní mọ èyí tí òun ti yí padà àti èyí tí òun ti fò. Irú iṣẹ́ báyìí ni ó yẹ kí a fi lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ohun tí a ó bèèrè ni pé, báwo ni a ó ṣe fi lé e lọ́wọ́ tí kò fi ní ba ìwé náà jẹ́?

2. Èèpo àti ekùrọ́

Kí a tó lè pàṣẹ, a ní láti mọ ẹni tí ó ń gba àṣẹ. Ètò kan wà ní àárín gbùngbùn kọ̀ǹpútà tí ó ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ náà. Àwọn onímọ̀ fi ètò yìí wé ekùrọ́. A kì í bá ekùrọ́ sọ̀rọ̀ ní tààrà. Èèpo tí ó bò ó ni à ń bá sọ̀rọ̀, òun ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ wa wọlé, òun náà ni ó sì ń mú èsì jáde. Èèpo yìí ni wọ́n ń pè ní shell. Ìṣe rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. A ó tẹ ìlà ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìlà náà ni orúkọ àṣẹ. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé e ń sọ ohun tí a fẹ́ kí àṣẹ náà ṣiṣẹ́ lé lórí. Bí a bá ti tẹ bọ́tìnnì tí ó parí ìlà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àtúnṣe léraléra ti so mọ́ shell. Louis Pouzin, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kọ ètò kan tí ó pè ní RUNCOM. Ohun tí RUNCOM ń ṣe ni pé ó ń ka àwọn àṣẹ tí a ti kọ sínú fáìlì, ó sì ń ṣe wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ènìyàn jókòó tí ó ń tẹ̀ wọ́n. Pouzin yìí kan náà ni ó mú orúkọ náà, shell, wá. Ken Thompson kọ shell àkọ́kọ́ fún Unix ní ọdún 1971. Èyí tí Stephen Bourne kọ ní Bell Labs jáde ní 1979. Ní ọdún 1984 ni a fi kún shell ti Bourne pé kí ẹni tí ó ń lò ó lè dá àṣẹ tirẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ lórúkọ. Brian Fox kọ Bash ní 1989, Bash yìí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bá pàdé lórí kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux lónìí. Gbogbo àpẹẹrẹ tí n ó lò bá a mu.

3. Orúkọ àti ohun tí orúkọ ń pè

Àṣẹ tí ènìyàn dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ yìí ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní function. Àdìpọ̀ àṣẹ ni n ó máa pè é, nítorí pé bí a ti ń di igi ìdáná pọ̀ kí ó lè ṣe é gbé lẹ́ẹ̀kan náà ni a ń di àwọn àṣẹ pọ̀, tí a ó sì fún ìdì náà ní orúkọ.

Ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Odù Ifá jẹ́ 256 nígbà tí a bá ka ojú odù 16 mọ́ àwọn ọmọ odù. Babaláwo kì í ka gbogbo ẹsẹ Ifá fún ẹni tí ó wá dáfá. Ó wo àmì tí ó wà lórí ọpọ́n, ó pe orúkọ odù náà, orúkọ yẹn sì mú àwọn ẹsẹ tí ó ti fi ọdún gbọọrọ kọ́ wá sí ẹnu rẹ̀. Orúkọ náà kúrú. Ohun tí ó ń pè gùn. Àdìpọ̀ àṣẹ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ẹ̀ẹ̀kan ni a ó kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni a ó sì máa pè láti ìgbà náà lọ.

Àlọ́ onítàn tún fi ohun kejì hàn wá. Nínú ọ̀pọ̀ àlọ́, Ìjàpá a máa lọ láti ọ̀dọ̀ ẹranko kan dé ọ̀dọ̀ ẹranko mìíràn, orin kan náà ni ó sì ń kọ ní ibi gbogbo tí ó bá dé. Orin kò yí padà, ègbè kò yí padà. Orúkọ ẹni tí a ń kọrin sí nìkan ni ó ń yí padà: ó di Ẹkùn ní ibì kan, ó di Erin ní ibòmíràn. Apàlọ́ kò kọ́ orin tuntun fún ẹranko kọ̀ọ̀kan. Ó fi àyè kan sílẹ̀ nínú orin náà fún orúkọ. Shell náà ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Àmì tí a fi ń tọ́ka sí i ni $1, èyí tí ó túmọ̀ sí "ohun àkọ́kọ́ tí a dárúkọ lẹ́yìn orúkọ àṣẹ". Ẹ wo àdìpọ̀ kékeré yìí:

tunko() {
  sed 's/aiye/ayé/g' "$1"
}

Orúkọ tí a fún un ni tunko. Ohun tí ó wà láàrin àmì àkámọ́ méjèèjì ni ara rẹ̀. Àṣẹ kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, sed, tí ó ń ka fáìlì ní ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, tí ó sì ń fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò òmíràn. Lẹ́tà s ni ó ní kí ó ṣe ìpààrọ̀. G ni ó ní kí ó ṣe é fún gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà bá ti wáyé nínú ìlà. Bí a bá tẹ "tunko ojuwe1.txt", ojú ìwé kìn-ín-ní yóò jáde sí ojú ẹ̀rọ, gbogbo "aiye" inú rẹ̀ yóò sì ti di "ayé".

4. Àwítúnwí

Ojú ìwé kan ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kọ. Ọ̀ọ́dúnrún ni a ní. Ọ̀nà méjì ni shell ń gbà ṣe àtúnṣe léraléra, ẹni tí ó bá sì ti wọkọ̀ ní Àpáta rí ti mọ méjèèjì.

Ọmọ ọkọ̀ tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ní Àpáta a máa pe "Dùgbẹ̀! Dùgbẹ̀!" Kò ka iye ìgbà tí òun yóò pè é. Ohun tí ó ń wò ni àga inú ọkọ̀: níwọ̀n ìgbà tí àyè bá ṣì wà, yóò máa pè, bí ọkọ̀ bá ti kún, yóò dákẹ́. Irú èyí ni shell ń pè ní while. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ bá ti gbéra, ọ̀nà tí ó ń tọ̀ ti wà nílẹ̀: yóò dé Moor Plantation, yóò dé Odò-Ọ̀nà, yóò sì parí sí Dùgbẹ̀. Ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ kan náà ni ọmọ ọkọ̀ ń ṣe: ó kéde orúkọ ibẹ̀, ó já èrò sílẹ̀, ó gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó wọlé. Irú èyí ni shell ń pè ní for. A ka orúkọ sílẹ̀, shell sì ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan títí orúkọ yóò fi tán. Nítorí pé a mọ iye ojú ìwé wa, for ni ó bá iṣẹ́ tiwa mu.

Nínú ẹ̀kọ́ ewì, àwítúnwí ni a ń pè é nígbà tí akéwì bá tún ọ̀rọ̀ tàbí gbólóhùn kan sọ. Gbogbo ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìjálá tàbí rárà rí mọ̀ pé àwítúnwí akéwì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó bá wí i lẹ́ẹ̀kejì, etí wa ti yí padà, ohùn tirẹ̀ náà ti yí padà, nǹkan sì ti kún ìtumọ̀ rẹ̀. Àwítúnwí ẹ̀rọ kò ní irú èyí rárá. Ohun tí ó ṣe ní ìgbà àkọ́kọ́ náà ni yóò ṣe ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, kò ní kọ́ ohunkóhun láàrin méjèèjì. Àǹfààní rẹ̀ nìyí, nítorí pé kì í rẹ̀ ẹ́. Ewu rẹ̀ náà sì nìyí, nítorí pé bí àṣẹ bá wọ́, bí ó ti wọ́ náà ni yóò ṣe é ní ìgbà ẹgbẹ̀rún.

5. Ohun tí ẹ̀rọ kò mọ̀

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí a rán níṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi làákàyè tirẹ̀ kún un. Kọ̀ǹpútà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ẹrú tí a bá rán an, iṣẹ́ ẹrú ni yóò jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ìwé Yorùbá.

Nínú àkọtọ́ àtijọ́, "on" ni a ń kọ fún "òun". Ẹni tí kò bá ronú yóò ní kí ẹ̀rọ fi "òun" rọ́pò "on" ní ibi gbogbo. Ẹ̀rọ yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà méjì yìí wà nínú "oni", yóò sì di "òuni". Ó wà nínú "onjẹ", yóò sì di "òunjẹ". A mọ odi tí a lè mọ sí irú èyí: àmì \< ń sọ pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, àmì \> sì ń sọ pé ibi tí ó parí sí nìyí. Bí a bá kọ \<on\>, ọ̀rọ̀ tí ó dá dúró nìkan ni ẹ̀rọ yóò fọwọ́ kàn.

Èyí tí ó le ju ìyẹn lọ ni "nwọn". Ní ọ̀pọ̀ ibi, "wọ́n" ni a fi ń rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú ohùn òkè: "nwọn lọ" di "wọ́n lọ". Ṣùgbọ́n níwájú ọ̀rọ̀ ìyísódì, ohùn àárín ni ó ń gbé: "wọn kò lọ". Ẹni tí ó mọ gírámà yóò rò pé òun ti rí ọ̀nà àbáyọ: kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ sọ "nwọn ko" di "wọn kò", kí ó tó wá sọ "nwọn" tí ó kù di "wọ́n". Ó dára bẹ́ẹ̀, àfi pé nínú ìwé tí kò ní àmì ohùn, "ko" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó lè jẹ́ "kò", ó lè jẹ́ "kó", ó sì lè jẹ́ "ko".

Ẹ rò ó wò pé a ń ka àkọsílẹ̀ nípa ogun kan ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bí ogun Ìjàyè tí wọ́n jà ní 1860 sí 1862, tí a sì bá gbólóhùn mẹ́ta yìí pàdé: "nwọn ko wọn". Bí ó bá jẹ́ ọjà ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó lè jẹ́ "wọn kò wọ́n", pé owó wọn kò pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn ni, "wọ́n kó wọn" ni, pé a kó wọn lẹ́rú lọ. Ohun tí ó ya ìtumọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ kò sí lórí ìwé. Inú orí ẹni tí ó ń kà á ni ó wà, ẹni tí ó mọ ohun tí ó ṣáájú gbólóhùn náà àti ohun tí ó tẹ̀lé e. Bí àdìpọ̀ àṣẹ wa bá sáré kọjá níbẹ̀, yóò kọ "wọn kò" sílẹ̀, àwọn tí ogun kó yóò sì dàwátì nínú àkọsílẹ̀ tí ó yẹ kí ó jẹ́rìí fún wọn. Kò sí atẹ̀wé tí ó purọ́, kò sí ẹni tí ó fẹ́ yí ìtàn padà. Àṣẹ kan ni ó ṣe é, ní ọ̀nà tí kò fi ojú àpá sílẹ̀.

6. Lẹ́tà méjì tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀

Ìṣòro mìíràn wà tí ojú lásán kò lè rí. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà bí a ti mọ̀ ọ́n; nọ́ńbà ni ó mọ̀. Ètò tí gbogbo ayé fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà ni Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991. Nínú ètò náà, "ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, 1EB9. Ṣùgbọ́n a tún lè kọ ọ́ ní ọ̀nà kejì: kí a kọ "e" lásán, kí a wá kọ àmì ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, tí nọ́ńbà tirẹ̀ jẹ́ 0323. Lójú òǹkàwé, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lójú àṣẹ tí a fi ń wá ọ̀rọ̀, wọ́n yàtọ̀ síra. Ní ti "ẹ́" tí ó ní àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo rárá. Àkópọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ní gbogbo ọ̀nà.

Bóyá ọ̀nà kìn-ín-ní tàbí ọ̀nà kejì ni ó wà nínú ìwé kan, kíbọọ̀dù àti ètò tí atẹ̀wé lò ni ó sábà ń sọ ọ́. Nítorí náà, bí ènìyàn méjì bá pín ìwé kan tẹ̀, tí a sì wá "ẹyẹ" nínú iṣẹ́ wọn, ẹ̀rọ lè rí gbogbo ẹyẹ tí ẹni àkọ́kọ́ tẹ̀, kí ó sì ní kò sí ẹyọ kan nínú ti ẹnì kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbà á gbọ́ yóò kọ ọ́ sínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò wáyé.

Ó tún lè ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a padà sí àdìpọ̀ kékeré wa, èyí tí ó ń sọ "aiye" di "ayé". Ká ní ọ̀rọ̀ náà "laiyẹsẹ" wà nínú ìwé, èyí tí a ń kọ ní "láìyẹsẹ̀" lónìí. Bí "ẹ" inú rẹ̀ bá jẹ́ nọ́ńbà kan, ẹ̀rọ kò ní rí "aiye" níbẹ̀, kò sì ní fọwọ́ kàn án. Bí ó bá jẹ́ "e" tí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀lé, ẹ̀rọ yóò rí a, i, y, e, yóò sọ ọ́ di "ayé", àmì ìsàlẹ̀ tí ó kù yóò sì lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ohun tí yóò jáde ni "layẹ́sẹ", ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí ní ilẹ̀ Yorùbá.

7. Àdìpọ̀ àṣẹ tí ó mọ ibi tí yóò dúró

Láti inú gbogbo ohun tí a ti sọ yìí, a lè kọ àdìpọ̀ tí ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ:

# túnkọ: yí ohun tí ó dájú padà, ka ohun tí kò dájú sílẹ̀
tunko() {
  mkdir -p titun
  for ojuwe in "$@"
  do
    uconv -x any-nfc "$ojuwe" |
    sed -e 's/\<aiye\>/ayé/g' -e 's/\<enia\>/ènìyàn/g' -e 's/\<yio\>/yóò/g' > "titun/$ojuwe"
    grep -Hn 'nwọn ko' "titun/$ojuwe"
  done
}

Ẹ jẹ́ kí a tú u wò. Ìlà tí àmì # ṣáájú rẹ̀ kì í ṣe àṣẹ. Ọ̀rọ̀ tí a kọ fún ènìyàn ni. mkdir ń ṣí àpò kan tí a pè ní titun, ibẹ̀ sì ni gbogbo iṣẹ́ tí a tún ṣe yóò máa lọ. Àmì $@ dúró fún gbogbo orúkọ tí a bá kà sílẹ̀ lẹ́yìn orúkọ àṣẹ, for sì ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àṣẹ uconv ń sọ gbogbo lẹ́tà di ọ̀nà ìkọsílẹ̀ kan ṣoṣo, kí "ẹ" má bàa jẹ́ méjì mọ́. Ọ̀pá gbọọrọ tí ó wà ní ìparí ìlà náà ń gbé èsì rẹ̀ fún sed, bí ẹni ń fa igbá omi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. sed ń ṣe ìpààrọ̀ mẹ́ta tí ó dá wa lójú, pẹ̀lú odi ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ní ìgbẹ̀yìn, grep kò yí ohunkóhun padà. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń wá gbogbo ibi tí "nwọn ko" bá wà, ó sì ń fi orúkọ fáìlì àti nọ́ńbà ìlà hàn wá, kí ènìyàn lè lọ kà á kí ó sì pinnu. Bí a bá ti tẹ "tunko ojuwe*.txt", gbogbo fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojuwe ni yóò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí a kíyè sí nínú rẹ̀. Èkíní, kò fọwọ́ kan ìwé àkọ́kọ́. Àkọtọ́ àtijọ́ kì í ṣe ìdọ̀tí tí a ń gbá dànù. Ẹ̀rí ni, nítorí pé òun ni ó ń sọ ìgbà tí a kọ ìwé kan àti ọwọ́ tí ó kọ ọ́. Èkejì, ohun tí kò rí, kò yí i padà. "Aiye" tí lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni "laiye" tí a so pọ̀, èyí tí ó lè jẹ́ "láyé", tí ó sì lè jẹ́ "láì yé". A lè fi èyí àkọ́kọ́ kún un bí a bá fẹ́. Èkejì gba kí ènìyàn kà á. Ẹ̀kẹta, ó dára kí a fi ojú ìwé kan ṣoṣo dán an wò, kí a fi àṣẹ diff gbé ìwé àtijọ́ àti ìwé titun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí a rí gbogbo ìlà tí ó yí padà, kí a tó ní kí ó máa lọ lórí ọ̀ọ́dúnrún. Ẹ̀kẹrin, bí a bá fi fọ́ǹtì àkànṣe kan tẹ ìwé nígbà kan rí, irú èyí tí ó gbé "ẹ" jókòó sí ipò àmì mìíràn, uconv kò lè mọ̀. A ní láti kọ́kọ́ fi àdìpọ̀ mìíràn dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan padà sí ipò rẹ̀.

Bí a bá kọ àdìpọ̀ yìí sínú fáìlì tí a ń pè ní .bashrc, Bash yóò máa kà á ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i, kò sì ní í gbàgbé rẹ̀ bí a bá pa ẹ̀rọ. Lẹ́tà méjì tí ó parí orúkọ fáìlì náà, rc, inú RUNCOM ti Pouzin ni wọ́n ti wá. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí a ti ń jẹ ogún yẹn.

8. Orúkọ tiwa

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ǹjẹ́ a lè fi Yorùbá sọ àdìpọ̀ àṣẹ lórúkọ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀? Bash gbà á láàyè. Bí a bá kọ "túnkọ" ní orúkọ, yóò jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n shell mìíràn wà tí kò gbà á, Bash pàápàá kò sì gba àmì nínú orúkọ àyè tí a ń fi nǹkan pamọ́ sí. Ìdí nìyí tí mo fi kọ "ojuwe" láìsí àmì. Ẹ sì rántí lẹ́tà méjì tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀. Bí ẹni tí ó kọ àdìpọ̀ bá tẹ "ọ" ní ọ̀nà kan, tí ẹni tí ó ń pè é bá tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀nà kejì, shell yóò dá a lóhùn pé òun kò mọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ "tunko" lásán. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí i: ẹni tí ó bá rí "tunko" lè kà á sí "túnkọ", ó lè kà á sí "tún kó", ó sì lè kà á sí "tún kọ́". Ìṣòro tí a wá yanjú nínú ìwé àwọn bàbá wa ni àwa fúnra wa tún dá sílẹ̀ nínú orúkọ àṣẹ tí a fi ń yanjú rẹ̀. Ìlà tí ó ṣáájú àdìpọ̀ náà, èyí tí ó ní àmì ohùn pé, ni ó ń gbà wá. Ẹ̀rọ kò ní kà á. Ọmọ tí yóò jogún iṣẹ́ wa ni yóò kà á. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ àdìpọ̀ àṣẹ láìkọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ sí orí rẹ̀.

9. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé àdìpọ̀ àṣẹ jẹ́ orúkọ kúkurú tí ń pe iṣẹ́ gígùn. Pé àyè wà nínú rẹ̀ fún ohun tí ń yí padà, bí àyè orúkọ ti wà nínú orin àlọ́. Pé shell lè ṣe é léraléra títí orúkọ tí a kà sílẹ̀ yóò fi tán. A sì ti rí i pé àtúnṣe tí kò ní làákàyè lè ba ìwé jẹ́ ju bí kòkòrò ṣe lè bà á jẹ́ lọ, nítorí pé ihò tí kòkòrò lu hàn sí ojú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ yí sódì a máa dán bí ọ̀rọ̀ gidi.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé iṣẹ́ yìí jẹ́ ti onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Onímọ̀ ẹ̀rọ lè kọ àdìpọ̀ tí ó yára. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ni ó lè sọ pé níbí yìí, kí ó dúró, kí ó pe ènìyàn. Ìwé tí a kọ kí ó tó di 1974 ń dúró dè wá nínú àpótí àti nínú yàrá ìkàwé. Ẹ̀rọ tí yóò bá wa gbé e wà lórí tábìlì wa. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá kọ́ bí a ti ń pàṣẹ fún un, kí wọ́n sì jẹ́ kí ìpinnu lórí "nwọn ko" wà lọ́wọ́ ẹni tí ó lè gbọ́ ohùn rẹ̀.